Ọmọ Ẹnu Ibodè àti Iṣẹ́ Ẹ̀kọ́ Ìwà Nínú Ìjọ Àgùdà

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ọ̀dọ́, katikíìsì àti òbí, ní Kétu

Ẹ̀yin Fàdá wa, ẹ̀yin Sístà, ẹ̀yin katikíìsì tí ẹ ti abúlé wá, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pè mí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru.

Lẹ́tà tí àwọn ọ̀dọ́ kọ sí mi kò gùn rárá. Wọ́n ní kí n wá sọ bóyá ẹ̀kọ́ ìwà tí mo kọ́ yìí ṣeé fi ṣiṣẹ́ jẹun, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, irú ẹni tí wọ́n ń gbà síbẹ̀, àti ohun tuntun tó ń lọ láàárín àwọn tó wà nídìí rẹ̀. Inú mi dùn sí lẹ́tà náà púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló gba BAC, ìwé ẹ̀rí àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n fẹ́ràn ìwé, tí wọ́n sì fẹ́ràn Ọlọ́run, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn rí pé iṣẹ́ kan wà nínú Ìjọ tó jẹ́ pé bó ṣe yẹ kí ọmọ ènìyàn gbé ayé ni wọ́n ń wádìí níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

N ó dáhùn gbogbo ìbéèrè náà. Àmọ́ n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti Rómù. Kétu níbí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni pé àwa ọmọ ẹnu ibodè, tí ilé wa wà láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, láàárín òfin ìjọba méjì, ni iṣẹ́ yìí ń dúró dè jù lọ.

Kí ni iṣẹ́ náà? Ọ̀pọ̀ rò pé onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìwà ni ẹni tó ń ka èèwọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ ló ń wá: kí ló dé tí ohun kan fi dára, tí òmíràn fi burú, kí ni ẹni tí ọ̀ràn náà dé bá lè ṣe, kí ni kò lè ṣe, kí ni Ìwé Mímọ́ wí, kí ni Ìjọ ti kọ́ni láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹni mímọ́ Alphonsus de Liguori, tí wọ́n bí nítòsí Naples ní 1696, agbẹjọ́rò ni kó tó di àlùfáà. Ní 1723 ó pàdánù ẹjọ́ ńlá kan, ó sì kẹ̀yìn sí kóòtù. Lẹ́yìn tó gba oyè àlùfáà, àárín àwọn darandaran tó wà lórí òkè Scala ló ti rí àwọn ènìyàn tí kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn, ibẹ̀ ló sì ti dá ẹgbẹ́ àwọn Rédẹ́ńtọ́rísì sílẹ̀ ní 1732. Ìwé ńlá tó kọ lórí ẹ̀kọ́ ìwà, nítorí àwọn àlùfáà tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ló ṣe kọ ọ́, kí wọ́n má baà le koko mọ́ ènìyàn ju bó ti yẹ lọ, kí wọ́n má sì gbàgbàkugbà. Ní 1950 Pópù Pius Kejìlá fi í ṣe ẹni mímọ́ alábòójútó gbogbo àwọn tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìwà. Ẹ rí i pé àwọn tálákà orí òkè ló bí iṣẹ́ náà fún un. Ní 1965, Ìgbìmọ̀ Fátíkánì Kejì, ìpàdé ńlá tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé ṣe ní Rómù, tún pàṣẹ pé kí wọ́n túbọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìwà láfiyèsí, kí Ìwé Mímọ́ sì jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìtàn. Ẹ jẹ́ ká jáde síta.

Ẹ wo ọ̀nà tó ti ìlú yìí lọ sí ìhà Ìmẹ̀kọ. Ẹ ó pàdé àwọn ọlọ́kadà tí bídọ́ọ̀nù epo yí ká, tí ẹsẹ̀ wọn kò ríbi sọ̀ sí, tí wọ́n tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ sún orun. Bí ẹ bá dé Àjàṣẹ́, tábìlì wà létí títì, ìgò ńláńlá oníkùn rìbìtì wà lórí rẹ̀, epo inú wọn pọ́n bí oyin nínú oòrùn, àrọ wà nílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ pélébé tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Kpayo nìyẹn, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wọlé. Kò sí ìdílé kan nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò rà á rí, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì fi san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ.

Àwọn ènìyàn ń bi mí ní gbangba, kì í ṣe nínú ìjẹ́wọ́, torí n kò lè sọ ti ìjẹ́wọ́ láé: “Fàdá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kpayo?” Àwọn kan ń fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan ń fẹ́ kí n sọ pé rárá. Onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìwà kò gbọdọ̀ kánjú dá wọn lóhùn.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nínú Ìjọ ju epo bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ àtijọ́ ti jiyàn gidi lórí owó ibodè. Fàdá Francisco Suárez ará Sípéènì, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àlùfáà tí wọ́n ń pè ní Jésúìtì, tó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ nípa òfin jáde ní 1612, wà lára àwọn tó gbà pé àwọn òfin kan wà tí kò de ẹ̀rí ọkàn mọ́ ohun tó pa láṣẹ, pé ìyà ìrúfin nìkan ni wọ́n dè ọ́ mọ́: bí wọ́n bá mú ọ, san ìtanràn, ó tán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi owó ibodè ṣe àpẹẹrẹ irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn létí àwa ará ẹnu ibodè! Àmọ́ àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn kò gbà, wọ́n ní òfin tó bá tọ́, tó sì wà fún ire gbogbo ènìyàn, kò lè ṣàìkan ọkàn. Ìgbìmọ̀ Fátíkánì Kejì náà sọ ọ́ ní 1965, nínú ìwé rẹ̀ lórí Ìjọ nínú ayé òde òní, pé àwọn kan ń fi jìbìtì sá fún owó orí tó tọ́ láìtijú.

Èwo ni ká mú nínú rẹ̀? Mo ní kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká béèrè ẹni tó fa ibodè náà. Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ síwèé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ wa, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ Kétu ní 1886, nígbà tí kò sí Alákétu lórí ìtẹ́ tó lè dá sí i. Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Alákétu bọ́ sí ọ̀hún, sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá gbé iṣu kọjá lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di onífàyàwọ́ lọ́sàn-án kan òru kan. Ṣé òfin ibodè tí wọ́n fà báyìí lágbára lórí ẹ̀rí ọkàn bí òfin mìíràn? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti dáhùn rẹ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó epo kpayo sí ní Sèmè-Podji, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 30, ọmọdé wà nínú wọn. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ibodè ti kúrò nílẹ̀. Ẹ̀mí ló kù. Ìwọ tó gbé epo sínú yàrá tí ọmọ ọlọ́mọ ń sùn, nínú òfin tí Ọlọ́run fún Mósè, bí àwa Àgùdà ṣe ń kà á, ìkeje tó ní ká má jalè kọ́ ló ń bá ọ wí, ìkarùn-ún ni: ìwọ kò gbọdọ̀ pànìyàn. Opó tó to ìgò mẹ́ta síwájú ilé torí kò ríṣẹ́ mìíràn ṣe àti ọ̀gá tó ní ọkọ̀ àti ilé ìkẹ́rù, ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba. Ọlọ́pàá tó ń gba rìbá lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ńkọ́? Ìjọba tí kò pèsè ilé epo tó tó fún abúlé ńkọ́? Àwa tí à ń rà á nítorí pé ó pọ́ọ́kú ńkọ́?

Ìwé dọ́kítọrà kan pátápátá ló wà lórí tábìlì létí títì yẹn. Ọmọ tó gbóòórùn epo náà dàgbà ló lè kọ ọ́ bó ti yẹ kí wọ́n kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tún súnmọ́ wa ju èyí lọ. Ìyá kan wà nínú kíláàsì katikísímù ní abúlé kan ní agbègbè yìí. Ìyàwó kejì ni, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi tíì ṣèrìbọmi fún un. Ó mọ gbogbo àdúrà sórí, òun gan-an ló ń rán àwọn ọmọdé létí bí wọ́n bá ṣì í kà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí àwọn ènìyàn bá tò láti lọ gba Ara Kristi, àwọn ìyá ọlọ́mọ á kó ọmọ wọn tì í, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní kúrò lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ẹ ó rí i, ọmọ kan lẹ́yìn, ọmọ kan lẹ́sẹ̀, ó ń bá wọn gbe orin. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe Kristẹni. Ilẹ̀ tó ń ro, ti ìdílé ọkọ ni. Kí la fẹ́ sọ fún un?

Ìjọ ti rí irú ọ̀ràn yìí rí. Ní 1537 Pópù Paul Kẹta sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọkùnrin oníyàwó púpọ̀ tó ń ṣèrìbọmi ní Amẹ́ríkà tí àwọn ará Sípéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Pópù Pius Karùn-ún tún fi kún un ní 1571. Nínú Òfin Ìjọ tó jáde ní 1983, ẹsẹ 1148 ló wà. Ó ní bí ọkùnrin tí kò tíì ṣèrìbọmi bá ní ìyàwó púpọ̀, tó wá gba ìrìbọmi, tó sì nira fún un láti dúró ti ìyálé, ó lè mú ọ̀kan nínú wọn, kó fi àwọn yòókù sílẹ̀. Òfin náà sọ bákan náà fún obìnrin tó bá ní ọkọ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí n kò fẹ́ kí ẹ gbàgbé: kí bíṣọ́ọ̀bù rí i dájú pé wọ́n bójú tó ohun tí ìyàwó ìkọ́kọ́ àti àwọn ìyàwó tí wọ́n fi sílẹ̀ nílò, bí ìdájọ́ òdodo àti ìfẹ́ Kristẹni ti wí.

Ta ló ń bójú tó o? Ilé wo ni ìyàwó tí wọ́n fi sílẹ̀ máa lọ? Ta ni yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ? Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ọkùnrin tó fẹ́ yan ni òfin yẹn ń bá sọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa, níwọ̀n bí kò ti sí obìnrin ọlọ́kọ púpọ̀ láàárín wa. Ìyá tí mo ń sọ yìí kò sí nípò ẹni tó ń yan. Ìwé Òfin Ìdílé ti ìjọba Benin, tó jáde ní 2004, ìyàwó kan ṣoṣo ló mọ̀. Nítorí náà ìyá yìí kò sí nínú ìwé ìjọba, kò sí nínú ìwé Ìjọ, àfi nínú ìwé ìdílé ọkọ rẹ̀. Opó tí wọ́n ṣú fún àbúrò ọkọ tún wà níbẹ̀ tó ń retí ìdáhùn tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ìròyìn tó gbóná jù lọ nínú iṣẹ́ wa lónìí. Ní oṣù kẹwàá 2023, ìjókòó Sínódì, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù láti gbogbo ayé, ní Rómù, ní kí àpapọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà àti Madagáská, tí wọ́n ń pè ní SECAM, fi ẹ̀kọ́ Ọlọ́run àti ìfẹ́ olùṣọ́-àgùntàn wádìí ọ̀rọ̀ ìkóbìnrinjọ àti bí wọ́n ṣe máa bá àwọn tó wà nínú rẹ̀ rìn bí wọ́n bá gba Kristi gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí tábìlì nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà pàdé ní Kigali ní 2025. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Rómù gbé ìwé kan jáde tó yin ọkọ kan, ìyàwó kan. Ẹ̀kọ́ Ìjọ kò yí padà lórí èyí, èmi náà dúró tì í. Àmọ́ bá a ṣe máa bá ìyá orí bẹ́ǹṣì yẹn rìn, iṣẹ́ ṣì wà lórí ìyẹn, Áfíríkà ni wọ́n sì gbé e fún. Bí àwọn bíṣọ́ọ̀bù bá wá onímọ̀ tó mọ àgbàlá Yorùbá, tó mọ ohun tí ìyálé àti ìyàwó ń bá ara wọn sọ lẹ́yìn ilé, ta la máa fi ránṣẹ́?

Àwọn kan ti ṣáájú wa. Sístà Anne Nasimiyu-Wasike ti Kenya ti fi ojú obìnrin wo ìkóbìnrinjọ nínú ìwé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń sọ pé àṣà wa ni. Fàdá Bénézet Bujo ti Kóńgò, tó kọ́ni fún ọdún púpọ̀ ní Fribourg ní Switzerland, kọ́ wa pé ìdájọ́ ìwà tó pegedé máa ń jáde láti inú ìjókòó àgbà níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ tẹnu wọn, pé ẹni kan kì í dá a rò nínú yàrá. Fàdá Laurenti Magesa ti Tanzania náà ṣiṣẹ́ ribiribi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ sinmi. Lára àwọn tó wà láàyè, Fàdá Paulinus Odozor ọmọ Nàìjíríà ń kọ́ni ní Notre Dame ní Amẹ́ríkà, Fàdá Agbonkhianmeghe Orobator, Jésúìtì tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà náà, ló sì ń darí ilé ẹ̀kọ́ tíọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, ti àwọn Jésúìtì ní California láti 2023. Ní ilẹ̀ Benin níbí, Bíṣọ́ọ̀bù Barthélemy Adoukonou ti ń mú kí àṣà wa àti Ìhìn Rere bá ara wọn sọ̀rọ̀ tipẹ́tipẹ́, kó tó di pé Rómù pè é láti wá ṣe akọ̀wé àgbà ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àṣà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀nà náà gùn, ó sì hàn kedere. Tíọ́lọ́jì ìpele kìíní jẹ́ ọdún márùn-ún, fílọ́sọ́fì wà nínú rẹ̀; àwọn sẹ́mínárì wa ń ṣe é ní Saint-Gall ní Ouidah, tó ti wà láti 1914. Lẹ́yìn èyí ni oyè kejì, tí wọ́n ń pè ní lísáǹsì ti Ìjọ, ọdún méjì, níbẹ̀ ni ènìyàn ti ń yan ẹ̀kọ́ ìwà. Lẹ́yìn náà ni dọ́kítọrà. Ẹ má ṣe pa lísáǹsì ti Ìjọ pọ̀ mọ́ lísáǹsì tí wọ́n ń gbà ní yunifásítì ìjọba lẹ́yìn BAC, torí mo ti rí ẹni tí ìdàrúdàpọ̀ yìí ná ní ọdún kan gbáko.

Ibi tó súnmọ́ wa ni Cotonou. Ẹ̀ka Institut Jean-Paul II wà níbẹ̀ fún Áfíríkà tó ń sọ Faransé, lórí ìgbéyàwó àti ìdílé. Pópù Francis tún ilé ẹ̀kọ́ náà tò ní 2017. Yunifásítì Kátólíìkì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ẹ̀ka tíọ́lọ́jì ní Abidjan. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, CIWA, ilé ẹ̀kọ́ gíga Kátólíìkì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wà ní Port Harcourt láti 1981. Nairobi ní yunifásítì Kátólíìkì ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ó sì ní Hekima ti àwọn Jésúìtì. Ní Rómù, Akadẹ́mì Alfonsiana, tí àwọn Rédẹ́ńtọ́rísì dá sílẹ̀ ní 1949, ẹ̀kọ́ ìwà nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti owó: àlùfáà àti Sístà tí bíṣọ́ọ̀bù tàbí ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn rán lè rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ Rómù tó ń rí sí ìjíhìnrere. Àwọn àjọ Kátólíìkì bíi Missio ní Jámánì àti AED (Aide à l'Église en Détresse) náà ń ran Ìjọ lọ́wọ́. Fún ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà, ọ̀nà há jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò ní tàn yín. KAAD, àjọ tó ń fúnni lówó ẹ̀kọ́ ní Bonn ní Jámánì, wà fún àwọn Kátólíìkì tí kì í ṣe àlùfáà láti Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí wọ́n ń gbà lọ́dún tí ẹ fẹ́ kọ̀wé. Ibi yòówù kó jẹ́, wọn ó béèrè lẹ́tà bíṣọ́ọ̀bù tàbí ti Fàdá ìjọ, èsì ìdánwò yín, àti ojú ìwé kan tàbí méjì tí ẹ fi sọ ohun tí ẹ fẹ́ wádìí. Ojú ìwé yìí ló ń ṣubú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ “ìwà ọmọ ènìyàn ní Áfíríkà” kò tíì kọ nǹkan kan. Ẹni tó bá kọ “ojúṣe Ìjọ sí ìyàwó kejì tí ọkọ fi sílẹ̀ nítorí ìrìbọmi, ní àgbègbè Kétu” ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ wo ló wà lẹ́yìn ìwé? Àkọ́kọ́ ni kíkọ́ni ní sẹ́mínárì àti yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n títí ayé ní ẹ̀ka tíọ́lọ́jì tí Rómù dá mọ̀, Rómù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ni ibi kejì, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa tún òfin ìlera ìbímọ ti 2003 ṣe, wọ́n fàyè gba ìṣẹ́yún títí di ọ̀sẹ̀ 12 bí oyún náà bá lè kó obìnrin sínú ìnira. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù wa kọ̀ ọ́ ní gbangba. Láti ìgbà náà, nọ́ọ̀sì Kátólíìkì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ń béèrè: bí wọ́n bá ní kí n gbé irinṣẹ́ fún dókítà ńkọ́? Bí wọ́n bá ní kí n kan tọ́jú obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Èyí kejì yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, tọ́jú rẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́. Èyí àkọ́kọ́, ó níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ wa sì ní ọgbọ́n tó jinlẹ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń bá ẹlòmíràn lọ́wọ́ sí ibi. Nọ́ọ̀sì náà kò gbọdọ̀ dá nìkan máa ro ó lóru. Ilẹ̀ Benin tún ní òfin láti 2010 lórí ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí ìlera, àti ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó mọ ẹ̀kọ́ ìwà wúlò lórí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀.

Caritas, àjọ ìrànlọ́wọ́ ti Ìjọ, àti ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Òdodo àti Àlàáfíà tún wà, àti iṣẹ́ ìròyìn, bíi La Croix du Bénin tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti 1946. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé ìwòsàn Kátólíìkì ń gba onímọ̀ ìwà síṣẹ́ olówó oṣù. Àwọn yunifásítì wọn sábà máa ń polówó iṣẹ́ láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, fún ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún kejì. Ẹ lè lọ. N kò bá ẹni tó lọ jà. Mo kàn fẹ́ kí díẹ̀ nínú yín padà wá.

Ẹgbẹ́ ńkọ́? Èyí tó tóbi jù kárí ayé ni CTEWC, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìwà Kátólíìkì, tí Fàdá James Keenan, Jésúìtì ní Boston College, pilẹ̀. Wọ́n pàdé ní Padua ní 2006, nǹkan bí 400 onímọ̀ láti gbogbo ayé. Wọ́n tún pàdé ní Trento ní 2010, àwọn ti Áfíríkà pàdé ní Nairobi ní 2012, gbogbo wọn sì tún pàdé ní Sarajevo ní 2018. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ wọn ni owó ẹ̀kọ́ dọ́kítọrà tí wọ́n san fún àwọn obìnrin Áfíríkà, ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí. Ẹ lè rí ìròyìn wọn gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù yín. Ìwé àtìgbàdégbà Journal of Moral Theology, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 2012, ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Faransé, Revue d'éthique et de théologie morale wà.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fetí sí mi gan-an. Ẹ mú ìwé méjèèjì yẹn, kí ẹ wo àwọn orúkọ tí wọ́n ń tọ́ka sí nísàlẹ̀ ojú ewé. Àwọn tó ń kọ Faransé, ara wọn ni wọ́n sábà ń kà. Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, bákan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ Abidjan lè kọ ìwé tán lórí opó ṣíṣú láìmọ̀ pé ẹnì kan ní Port Harcourt ti kọ irú rẹ̀. Ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Àjàṣẹ́ ńkọ́? Faransé lo fi ka ìwé. Gẹ̀ẹ́sì, o gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu ọmọ àbúrò bàbá rẹ tó wà ní Abẹ́òkúta, o sì lè kọ́ ìyókù láàárín ọdún kan bí o bá mú un lókùn-únkúndùn. Yorùbá ni èdè tí ìyá rẹ fi kọ́ ẹ ní ìwà. Àwọn tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Ibodè tó ń yọ wá lẹ́nu ló fi í fún wa.

Bí wọ́n bá kéde àpérò kan, wọ́n á ní kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ fi àkópọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, kì í sábà ju ọ̀rọ̀ 300 lọ. Ẹ kọ ọ́. Ẹ fi hàn mí kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ tún un kọ fún òmíràn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, àwọn ènìyàn béèrè ìbéèrè. Mo kọ méjì sílẹ̀ níbí torí wọ́n kan ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Bàbá kan ní: “Fàdá, ọmọ mi ọkùnrin kò fẹ́ joyè àlùfáà. Ṣé ẹ̀kọ́ yìí lè bọ́ ìyàwó àti ọmọ?” Mo ní bàbá, ẹ̀kọ́ yìí nìkan, ní ilẹ̀ Benin lónìí, yóò ṣòro. Kó ní iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn: kó kọ́ ìmọ̀ òfin, tàbí ìṣègùn, tàbí iṣẹ́ ìròyìn, tàbí iṣẹ́ olùkọ́, kó sì fi ẹ̀kọ́ ìwà lé e. Dókítà tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìwà, ilé ìwòsàn méjì ni yóò máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Obìnrin kan, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, dìde. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi lọ́kọ, mo bí ọmọ mẹ́ta. Ṣé wọ́n lè gbà mí, àbí àwọn Sístà nìkan ni?” Mo ní ìyá, wọ́n lè gbà yín. Ẹsẹ 229 nínú Òfin Ìjọ sọ ọ́ gbangba pé àwọn ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà ní ẹ̀tọ́ láti kàwé ní yunifásítì tíọ́lọ́jì, kí wọ́n gba oyè níbẹ̀, bí wọ́n bá sì kúnjú òṣùwọ̀n, kí wọ́n gba àṣẹ láti kọ́ni. Kò yọ obìnrin sílẹ̀, kò yọ abilékọ sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Cotonou, kí ẹ béèrè bí àkókò ẹ̀kọ́ wọn ṣe bá ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ yín mu. Ẹ bá ọkọ yín sọ ọ́ kí ẹ tó bá ẹlòmíràn sọ. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbà, ẹ mú ìwé ẹ̀rí BAC yín àti ìwé ìrìbọmi yín wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ lẹ́yìn Míísà. Èmi àti Fàdá ìjọ yìí yóò jókòó kọ lẹ́tà náà pẹ̀lú yín.